Dídi Ẹnu Sẹ́ńsọ̀ Ìfúnpá: Ìfiwéra Ìtànṣán Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, Lésà, Plasma Kékeré àti Ìléru

Awọ irin tí wọ́n fi ń di ẹnu sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá kì í sábà nípọn ju bébà ìkọ̀wé lọ. Lórí èyí tí wọ́n ń dè mọ́ páìpù epo, gáàsì àti kẹ́míkà, ó sábà máa ń wà láàárín 0.025 mm sí 0.1 mm. Ohun tí a fẹ́ wọ̀n yóò ti awọ náà láti iwájú, òróró silicone tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò gbé agbára náà dé ara ègé silicon kan, ègé yìí yóò sì sọ ọ́ di iná mànàmáná tí mítà lè kà. Títí dé ibẹ̀, kò sí ohun tó ṣòro. Ibi tí iṣẹ́ wà ni bí a ó ṣe jó awọ tí kò nípọn ju bébà lọ pọ̀ mọ́ ara irin tí ó fi ìlọ́po ọgọ́rùn-ún nípọn jù ú lọ, kí ó má jò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó má sì sún kì bí awọ tí iná rà.

Ẹni tí ó bá ti jókòó ti onílù nígbà tí ó ń fa awọ dùndún yóò mọ ìṣòro náà kí a tó ṣí ìwé kankan. Awọ tí ó le lápá kan tí ó dẹ̀ lápá kejì kò ní sọ ohun tí onílù fẹ́ kí ó sọ, bó ti wù kí ọwọ́ tí ó di kọ̀ǹgọ́ mú mọ iṣẹ́ tó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti sẹ́ńsọ̀. Bí ojú ìjó bá fa awọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ́ńsọ̀ náà yóò máa ka ìfúnpá níbi tí kò sí ìfúnpá, àṣìkà yẹn yóò sì máa yí padà bí ooru àti òtútù bá ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ẹni tí ó fẹ́ ṣe irú sẹ́ńsọ̀ yìí, tàbí tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, sábà máa ń rí níwájú: ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, lésà, plasma kékeré, àti fífi irin mìíràn lẹ̀ ẹ́ nínú ìléru. Àwọn tó ń tà ẹ̀rọ yóò fẹ́ kí ẹ fi ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, inú awọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ó fi wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan

Ohun kìn-ín-ní tí mo máa ń béèrè ni bí ooru tí ọ̀nà náà máa jẹ́ kí ó kọjá ojú ìjó lọ sínú awọ ṣe pọ̀ tó. Awọ kò ṣeé mú nípọn nítorí kí iṣẹ́ lè rọrùn: bí a bá sọ nínípọn rẹ̀ di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́jọ nìyẹn, sẹ́ńsọ̀ tí ó yẹ kí ó gbọ́ ìfúnpá kékeré yóò sì di adití. Irin 316L, tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn irin aláìdípẹtà tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, máa ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 16 nínú mílíọ̀nù fún ìwọ̀n Celsius kọ̀ọ̀kan. Awọ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 25 mm, tí ó fi 100 °C gbóná ju ara tí a ń dì í mọ́ lọ, yóò fẹ̀ sí i ní 0.04 mm, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó nínípọn awọ náà fúnra rẹ̀. Bí ojú ìjó bá mú un ní ipò yẹn tí ó sì wá tutù, yóò máa fa ara rẹ̀ títí ayé ni. Bí awọ náà bá tún jẹ́ irú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní tútù kí ó lè le, ooru tí ó bá kọjá ààlà yóò sọ líle yẹn nù.

Ìjò ni èkejì, níbẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ láì ṣírò rẹ̀. Gáàsì hílíọ̀mù ni wọ́n fi ń wá ìjò nínú irú ohun èlò yìí, 1×10⁻⁹ mbar·l/s (ìfúnpá ní mílíbà, ní ìlọ́po lítà, fún ìṣẹ́jú-àáyá kan) sì ni ọ̀pọ̀ ń kọ sórí àwòrán iṣẹ́. Nọ́ńbà náà kéré lójú: bí afẹ́fẹ́ ayé bá ń tì í láti ìta, yóò tó nǹkan bí ọdún 32 kí afẹ́fẹ́ tí ó tó sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan tó gba irú ihò bẹ́ẹ̀ kọjá. Fún sẹ́ńsọ̀ tí òróró kún inú rẹ̀, ìyẹn lè tó. Ṣùgbọ́n ẹ mú agolo pẹlẹbẹ tí a fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, irú èyí tí Lucien Vidie gba ìwé àṣẹ lé lórí ní ilẹ̀ Faransé ní 1844 láti fi wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́. Bí àyè inú rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan péré, ìjò kan náà yóò gbé ìfúnpá inú rẹ̀ sókè ní nǹkan bí 31 mbar láàárín ọdún kan ṣoṣo. Ohun èlò ojú ọjọ́ tí ó bá ṣìnà tó bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kí a tó béèrè pé ọ̀nà wo ni kì í jò, ó yẹ kí a ti mọ ohun tí ìjò máa bà jẹ́ níbi tiwa.

Ẹ̀kẹta ni irú irin tí ó fẹ́ pàdé ara wọn àti ohun tí wọn yóò máa fara kàn. Níbi tí gáàsì hydrogen sulphide, gáàsì olósulphur tí ó ń ba irin jẹ́, bá wà, ìlànà yíyan irin tí wọ́n ń pè ní NACE MR0175, tí ó tún jẹ́ ISO 15156, ni àwọn tó ń ra sẹ́ńsọ̀ fún kànga epo máa ń béèrè fún, ojú ìjó sì wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Epo Bonny Light tí Nàìjíríà ń tà gbajúmọ̀ fún pé sulphur inú rẹ̀ kéré, èyí sì máa ń jẹ́ kí àwọn kan nílé fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ kò mọ kànga tí oníbàárà yóò gbé e lọ.

Àlàfo ni ẹ̀kẹrin, òun ni ó sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Ìwọ̀n tí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń lò ni pé àlàfo àárín awọ àti ara kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá nínípọn awọ lọ. Fún awọ 0.05 mm, 0.005 mm nìyẹn. Irun orí ènìyàn kan fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá nípọn jù ú lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi òrùka irin tínínrín tẹ awọ mọ́ ara, kí iná lè jó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí kò bá ní owó láti gbẹ́ òrùka yẹn kí ojú rẹ̀ dán kí ó sì tẹ́jú, kí ó má tíì lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ kankan.

Owó àti iye tí a fẹ́ ṣe ni ó kù, mo sì máa dárúkọ wọn bí a bá ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù

Láàárín àwọn ọdún 1950 ni Karl-Heinz Steigerwald ní Jámánì àti Jacques-André Stohr ní ilẹ̀ Faransé sọ ọ̀nà yìí di iṣẹ́ tí ó ṣeé gbé ṣe; iṣẹ́ agbára átọ́míìkì ni Stohr ń tìtorí rẹ̀ ṣe é. A máa gbé irin sínú àpótí kan, a máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ títí yóò fi kù sí nǹkan bí 0.0001 mbar, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá afẹ́fẹ́ tí à ń mí, lẹ́yìn náà ni a óò wá fi iná 60 kV tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lu ojú ibi tí a fẹ́ jó. Kọ́ìlì òòfà ni ó ń kó wọn jọ sójú kan tí ó sì ń darí wọn.

Ohun tó ya ni lẹ́nu ni bí agbára tí iṣẹ́ awọ ń fẹ́ ṣe kéré tó. Bí iná bá jẹ́ 60 kV tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ń ṣàn sì jẹ́ 2 mA, 120 W ni gbogbo rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti gílóòbù 100 W àtijọ́ lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gílóòbù ń fọ́n tirẹ̀ ká inú yàrá, nígbà tí ìtànṣán yìí ń da gbogbo tirẹ̀ sójú ibi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.15 mm, èyí tí ó túmọ̀ sí nǹkan bí 6,800 W lórí mílímítà oníhà méjì kan. Irin ibẹ̀ yóò yọ́ kí ooru tó ráyè sá lọ sínú awọ. Lójú òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ tí mo kà sílẹ̀, n kò rí èyí tí ó ju èyí lọ.

Àǹfààní kejì kì í ṣe ti ìtànṣán rárá, ti àpótí náà ni. Titanium tí ó bá gbóná máa ń mu afẹ́fẹ́ bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, ó sì máa ń gán lẹ́yìn náà. Nínú àpótí tí kò ní afẹ́fẹ́, kò rí ohun tí yóò mu. Bí ó bá sì jẹ́ agolo Vidie tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni a ń ṣe, òfìfo tí ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀ ti wà nínú àpótí kí iná tó tan: bí ìtànṣán bá ṣe ń parí àyíká rẹ̀ ni agolo náà ń di títì pa pẹ̀lú òfìfo nínú. Àwọn ọ̀nà mìíràn máa ní láti fi ihò kan sílẹ̀, kí wọ́n fa afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀, kí wọ́n wá dí i, ihò kọ̀ọ̀kan tí a bá dí sì jẹ́ ibòmíràn tí ó lè jò.

Wàyí o, ẹ̀gún tí ó wà lára rẹ̀. Òòfà ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Bí òòfà bá kù díẹ̀ nínú irin tí a ń jó, tí agbára rẹ̀ tó 0.5 mT péré, tí ó sì bo 20 mm tí ó kẹ́yìn ọ̀nà ìtànṣán 60 kV, ó lè yí i kúrò lójú ọ̀nà ní nǹkan bí 0.12 mm. Lórí irin tí ó nípọn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Lórí awọ 0.05 mm, ó ti jó ibi tí kò yẹ nìyẹn. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí, odidi ọ̀wọ́ kan jò nígbà tí a fi hílíọ̀mù dán an wò, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń darí ẹ̀rọ búra pé òun kò yí nǹkan kan padà, òótọ́ ló sì ń sọ. Nígbà tí a gbé ọ̀kan sábẹ́ maikirosíkópù, ojú ìjó náà kò rí roboto mọ́: ó rí bí ẹyin, apá kan rẹ̀ wà lórí òrùka, apá kejì ti rìn wọ inú awọ. Òrùka 17-4PH ni wọ́n lò, irin tí òòfà ń mú ni, orí tábìlì olóòfà ni wọ́n sì ti dì í mú nígbà tí wọ́n ń lọ ojú rẹ̀, láìsí ẹni tí ó rántí pa òòfà inú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà, kí n tó gba òrùka kankan wọlé, mítà òòfà ni mo máa ń kọ́kọ́ mú dání. Ohun ìdìmú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ bàbà, alumíníọ̀mù tàbí irin tí òòfà kì í mú. Idẹ kò dára nítòsí iná nínú òfìfo, nítorí zinc inú rẹ̀ máa ń di oruku tí ó ń bo ohun gbogbo.

Oruku yẹn gbàfiyèsí fún ìdí mìíràn. Ara sẹ́ńsọ̀ sábà máa ń ní àwọn wáyà tí wọ́n gba inú gíláàsì kọjá. Bí gíláàsì náà bá kọjú sí ibi tí irin ti ń yọ́, irin tí ó di oruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn lára, iná yóò sì máa rí ọ̀nà gbà láti wáyà sí ara. Gíláàsì tún máa ń kó ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jọ sára nítorí wọn kò rí ibi gbà lọ sílẹ̀, èyí sì ń ti ìtànṣán kúrò lójú ọ̀nà. Kí a fi irin bò ó ni. Bákan náà, òróró kò gbọ́dọ̀ tíì wọ inú sẹ́ńsọ̀ kí a tó jó o. Àtẹ̀lẹ́ ìka tí ó fara kan awọ nìkan ti tó láti fi ihò wẹ́wẹ́ sínú ojú ìjó, ká má tíì sọ òróró gidi.

Ní ti owó, ẹ̀rọ yìí ni ó wọ́n jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, títọ́jú pọ́ǹpù rẹ̀ pẹ̀lú kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ìtànṣán X máa ń jáde nígbà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bá lu irin: ní 60 kV, ògiri irin àpótí náà lè dá a dúró, ṣùgbọ́n ní 150 kV, òjé ni wọ́n ń fi bo ògiri náà. Àkókò tí pọ́ǹpù ń gbà kí ó tó fa afẹ́fẹ́ tán sì wà níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹyọ kan la gbé sínú rẹ̀ tàbí ogójì. Ẹni tí ó bá ń gbé e wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò máa sanwó ìdúró; ẹni tí ó to ogójì sórí ohun ìdìmú tí ń yí po kan yóò pín ìdúró náà sí ogójì.

Lésà

Lẹ́yìn tí Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1960, kò pẹ́ tí irin jíjó fi di ara ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Fún awọ sẹ́ńsọ̀, Nd:YAG, irú lésà kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ti ara kírísítàlì jáde, tí ó ń tàn tí ó sì ń kú léraléra bí ẹni ṣẹ́jú, ni ó jọba fún ìgbà pípẹ́, kí lésà tí ó ń gba inú okùn gíláàsì tó wá máa gba ipò rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni, nítorí náà òòfà kò ní agbára kankan lórí rẹ̀, kò nílò àpótí òfìfo, kò sì bí ìtànṣán X. Ìyẹn nìkan ti mú ìdajì àwọn ẹ̀gún tí mo kà lókè kúrò.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ó ṣe ń yára tó. Awọ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 25 mm ní àyíká tí ó tó 78.5 mm. Bí ojú kọ̀ọ̀kan tí lésà bá lù bá fẹ̀ tó 0.4 mm, tí a sì fẹ́ kí ìkọ̀ọ̀kan bo ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ kí ó má bàa jò, ìgbésẹ̀ 0.1 mm ni a ó máa gbé, ó sì di nǹkan bí ìlù 785. Ní ìlù 50 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò parí kí a tó ka ogún. A mú un kúrò, a gbé òmíràn sí i. Ilé iṣẹ́ tí ó ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́sẹ̀ kò ní ìdí láti wá ohun mìíràn, bí awọ rẹ̀ bá ṣáà jẹ́ 316L tàbí irin onínickel.

Ibi tí ó ti ń já ni kulẹ̀ ni gáàsì argon tí ó yẹ kí ó bo ojú ìjó kí afẹ́fẹ́ má bàa kàn án. Bí ó bá fẹ́ jù, ó ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Bí kò bá fẹ́ tó, kò bò ó. Lórí titanium, àwọ̀ ni ó máa ń tú àṣírí: ojú ìjó tí ó ń dán bí fàdákà dára, èyí tí ó rí bíi koríko gbígbẹ ṣì ṣeé fara mọ́ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, èyí tí ó di búlúù tàbí tí ó funfun bí ẹfun, kí a jù ú nù. Ìfọ́n irin wẹ́wẹ́ tún wà, èyí tí ó máa ń ta sára awọ. Ẹyọ kan tí ó bá lẹ̀ mọ́ àárín awọ ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Bàbà, fàdákà àti wúrà máa ń dá ìmọ́lẹ̀ Nd:YAG padà, torí náà awọ tí wọ́n ti fi wúrà bò kí hydrogen má bàa gbà á kọjá kò gbọ́dọ̀ ní wúrà lójú ibi tí a fẹ́ jó.

Ojú ènìyàn ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ yìí kì í ṣeé rí, ó sì ń kọjá tààrà dé ẹ̀yìn ẹyinjú. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè kọ́ yàrá tí a tì pa fún un, tí kò sì lè fi agbára mú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lo awò tí ó bá lésà náà mu, kí ó má ra á. Mo ti rí àwọn tí wọ́n ra ẹ̀rọ lówó gọbọi tí wọ́n wá ń ṣọ́ owó awò.

Plasma kékeré

Iná TIG tí gbogbo wẹ́dà mọ̀, ìyẹn iná mànàmáná tí ń jó irin lábẹ́ ààbò gáàsì, máa ń gbọ̀n rìrì bí a bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jù. Plasma kékeré (plasma ni gáàsì tí iná mànàmáná ti mú gbóná débi pé iná ń gba inú rẹ̀ kọjá) yanjú èyí nípa fífún iná náà gba inú ihò tóóró jáde pẹ̀lú iná kékeré kan tí kì í kú lẹ́yìn rẹ̀, débi pé ó lè dúró ṣinṣin láti 0.1 A. Owó rẹ̀ kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti méjì àkọ́kọ́, ẹni tí ó sì ti ń fi TIG jó irin tínínrín yóò mọ̀ ọ́n lò láìpẹ́.

Ooru rẹ̀ ni ó tàn ká ju ti ìtànṣán àti ti lésà lọ. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ fi bàbà dì í mú níhà méjèèjì, kí bàbà náà máa mu ooru, kí ó sì jẹ́ etí awọ nìkan ni ó yọ síta díẹ̀ bí ètè. Etí yẹn ni iná yóò yọ́ pọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí fi bá ẹwìrì irin mu, ìyẹn àwọn awọ olóòrùka tí a jó etí wọn pọ̀ tẹ̀lé ara wọn tí wọ́n fi ń nà tí wọ́n sì ń sún kì: etí ni gbogbo ojú ìjó rẹ̀. Fún awọ pẹlẹbẹ tí ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹyọ mẹ́wàá tàbí ogún tí a fi ń dán èrò kan wò, kì í ṣe fún ohun tí a fẹ́ kọ ìwé ẹ̀rí òdo rẹ̀, ìyẹn ohun tí ó ń kà nígbà tí kò sí ìfúnpá, fún oníbàárà. Ọwọ́ ènìyàn pọ̀ nínú rẹ̀, ọwọ́ àárọ̀ kì í sì í ṣe ọwọ́ ìrọ̀lẹ́.

Lílẹ̀ nínú ìléru

Ọ̀nà yìí kò yọ́ awọ rárá. Irin mìíràn tí ó tètè ń yọ́ ni wọ́n ń fi sí àárín, bí àdàlù fàdákà 72 àti bàbà 28 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó ń yọ́ ní 780 °C, wọn yóò sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìléru tí a ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán. Ogún tàbí igba lè wọlé pa pọ̀, ooru náà sì bá gbogbo ara rẹ̀ dọ́gba, torí náà kì í fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan bí jíjó ṣe ń ṣe.

Ibi tí ó dára dé náà ni ó burú dé. Ooru tí ó bá gbogbo ara dọ́gba yóò bá awọ pẹ̀lú. Irin 17-4PH máa ń gba líle rẹ̀ láti ara ooru tí ó wà láàárín 482 °C sí 621 °C. Bí ó bá ti rí 780 °C, líle yẹn ti lọ, àfi kí a tún bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ooru rẹ̀. Awọ tí a tẹ̀ ní tútù yóò rọ̀. Bí irin méjèèjì kò bá sì fẹ̀ bákan náà, bí tantalum tí ìfẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdajì ti 316L, gbogbo ìyàtọ̀ láti 780 °C sí òtútù yàrá ni yóò wà nínú awọ. Yàtọ̀ sí èyí, irin àárín náà ti di ara ohun tí kẹ́míkà ń fara kàn: ammonia ń jẹ bàbà, fàdákà-òun-bàbà kò sì ní ibi tí yóò sá sí.

Síbẹ̀, àwọn irin kan wà tí kò fẹ́ kí a yọ́ wọn pọ̀. Titanium mọ́ irin, tantalum mọ́ irin: bí wọ́n bá yọ́ pọ̀, ohun tí ó ń jáde gán bí ìkòkò amọ̀, yálà lésà ni a lò tàbí ìtànṣán. Níbẹ̀, ìléru lè jẹ́ ọ̀nà àbáyọ, bákan náà ni fífi ẹ̀rọ olóbìrípo tí ń fi iná àti agbára tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ìgbà tí a bá ń di irin mọ́ seramíìkì, ìléru ni mo máa kọ́kọ́ yà sí.

Ta ni kí ó mú èwo

Bí òfìfo bá gbọ́dọ̀ wà nínú agolo rẹ, bí ti ohun èlò ojú ọjọ́ tàbí ti ọkọ̀ òfúrufú, ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni kí o mú, kódà bí iye tí o ń ṣe kò bá pọ̀. Má ra ẹ̀rọ náà. Gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tí ń bá ènìyàn jó o, kí o sì ná owó tí ó kù sórí òrùka tí ó tẹ́jú. Kọ ìjò tí ó kéré ju 1×10⁻⁹ lọ sórí àwòrán rẹ: pẹ̀lú àyè inú kan náà tí mo fi ṣírò lókè, 1×10⁻¹¹ yóò jẹ́ kí ìfúnpá inú gòkè ní 0.3 mbar lọ́dún. Titanium mọ́ titanium náà ń bẹ níbí, pàápàá bí omi òkun ni yóò máa fara kàn.

Ẹni tí ó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ olóróró ní 316L tàbí nínú irin onínickel fún ilé iṣẹ́ epo àti oúnjẹ, tí ó sì ń ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún lójúmọ́, lésà ni tirẹ̀. Bí ara sẹ́ńsọ̀ náà bá jẹ́ irin tí òòfà ń mú, èyí tún jẹ́ ìdí kejì. Nínú àwọn tí wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè yìí, àwọn wọ̀nyí ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì ti gbọ́ pé ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni “ti àwọn àgbà”, tí wọ́n fẹ́ san owó rẹ̀ láìnídìí.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilé ìwádìí tàbí ẹni tí ó ń tún ẹwìrì irin ṣe lè fi plasma kékeré ṣe púpọ̀, bí wọ́n bá ti gbà pé àwọn yóò máa wọn òdo sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí kò rí ọ̀nà yẹra fún irin méjì tí kì í gbọ́ra, kí ó lọ sí ìléru, kí ó sì kọ́kọ́ béèrè orúkọ gbogbo kẹ́míkà tí yóò fara kan ojú ìlẹ̀ náà.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ẹ tó sanwó fún odidi ọ̀wọ́, ẹ ní kí wọ́n gé ẹyọ méjì sí méjì kí ẹ lè fi maikirosíkópù wo inú ojú ìjó rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé mẹ́wàá mìíràn wọ inú ooru àti òtútù léraléra, kí wọ́n sì kọ òdo rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí ilé iṣẹ́ kan bá sọ pé ìwé ìdánwò hílíọ̀mù nìkan ti tó, ẹ ṣì béèrè ti òdo lọ́wọ́ wọn, nítorí awọ tí kò jò rárá ṣì lè ti sún kì.